ÒDÒDÓ KÌ Í DÚRÓ DE ẸNÌ KAN

  Ìwé Ẹgbẹ́ wa tún dé, akọ̀wé Rélùwéè yín sì tún ti gbé gègé rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé bí mo bá ti kọ̀wé, àwọn ẹlòmíràn ni mo máa ń bá wí, ẹ fara balẹ̀ lónìí. Ara mi ni mo fẹ́ bá wí.

Ẹ ó rántí ìpàdé wa ti oṣù Kejì ọdún 2024. Ọ̀rọ̀ páànù ilé ìpàdé ni a ń sọ lọ́jọ́ náà, a sì ń pe orúkọ àwọn tí kò tíì san owó tí a dá. Nígbà tí ó kan bàbá kan nínú àwọn àgbà wa, ó dìde, ó ní kí a jọ̀wọ́ kí a fún òun láyè títí òun yóò fi ti Amẹ́ríkà dé. A bi í léèrè bóyá kò sí nǹkan. Ó ní rárá, kò sí nǹkan, òun àti ìyàwó òun fẹ́ lọ wo òdòdó ni. Ẹ̀rín bú sọ ní gbogbo ilé. Èmi tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ ìpàdé sílẹ̀ ni mo kọ́kọ́ la ẹnu. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú o, ṣé òdòdó náà ṣe é fi se ọbẹ̀ ni?" Àwọn ènìyàn tún rẹ́rìn-ín. Bàbá wò mí, kò sọ nǹkan kan, ó jókòó.

Wọ́n ti bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ àwọn, n kò sì ní dárúkọ wọn. Bàbá ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ahmadu Bello títí ó fi fẹ̀yìn tì. Màmá ń ta aṣọ ní ọjà. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, wọ́n bí ọmọ márùn-ún, wọ́n sì tọ́ wọn yanjú. Láàárín gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bí ẹ bá rí àwọn méjèèjì kí wọ́n jọ wọkọ̀ pọ̀, òkú ni wọ́n ń lọ sin, tàbí ìyàwó ni wọ́n ń bá ènìyàn gbé.

Ọmọ wọn obìnrin kan ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Maryland, lẹ́bàá Washington tí í ṣe olú ìlú Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Ọmọ yìí ni ó fi àwòrán kan ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ̀. Igi ni, kò sí ewé lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n òdòdó funfun bo gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ bí òwú tí ó là. Ọdún mẹ́ta ni Màmá fi ń wo àwòrán náà níwájú ìsọ̀ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ dá owó jọ tí wọ́n ní kí àwọn òbí wọn wá sinmi lọ́dọ̀ àwọn, ohun kan ṣoṣo ni ìyá tọrọ, pé kí ó jẹ́ ìgbà òdòdó náà.

Ọmọ náà sọ fún bàbá rẹ̀ pé kí wọ́n rí i pé wọ́n dé kí oṣù Kẹta tó pé ìdajì. Bàbá ní kò burú, ṣùgbọ́n kí òun gba owó ìfẹ̀yìntì oṣù náà ná, kí òun sì yanjú ọ̀rọ̀ bíríkìlà tí ń bá òun ṣe ilé ní ìlú. Ó ní ọdún Àjíǹde bọ́ sí ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, àwọn yóò kúkú dé kí ọdún tó dé. Ó ní igi kì í sá lọ. Báyìí ni wọ́n ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin ní Rigasa ní Kàdúná, wọ́n sọ̀ ní Ìdù ní Àbújá, wọ́n bọ́ sínú ọkọ̀ òfurufú, wọ́n sì dé ilé ọmọ wọn ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta.

Òótọ́ ni pé igi kì í sá lọ. Òdòdó ni ó ń sá lọ. Ní ọdún 2024 yẹn, ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ni òdòdó Washington tanná tán. Nígbà tí àwọn èèyàn wa fi dé etí omi tí àwọn igi náà yí ká, ewé tútù ni ó ń yọ lórí wọn. Màmá dúró, ó wo igi, ó wo fóònù ọwọ́ rẹ̀, ó sì pa fóònù náà. Kò bú ọkọ rẹ̀. Ó kàn ní, "Olówó orí mi, a pẹ́." Bàbá sọ fún mi pé bí ó bá jẹ́ pé ó bú òun ni, ìbá sàn fún òun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa igi yìí kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa dáadáa. Òyìnbó ń pè é ní igi ṣẹ́rì. Àwọn ará Jàpáànì, tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ènìyàn ayé lọ, ń pè é ní sakura. Òdòdó rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbìn ín, kì í ṣe èso. Wọ́n ní orúkọ fún wíwo òdòdó náà, hanami ni wọ́n ń pè é. Bí àkókò bá tó, tọkọtaya, ẹbí, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ yóò tẹ́ ẹní sábẹ́ igi, wọn yóò jẹ, wọn yóò mu, wọn yóò sì máa wòkè.

Òdòdó náà kì í tanná lẹ́ẹ̀kan náà ní gbogbo ilẹ̀ Jàpáànì. Ní oṣù Kìn-ín-ní ni ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní erékùsù Okinawa ní ìsàlẹ̀ gúúsù, yóò sì máa gòkè lọ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé Hokkaido ní òkè àríwá ní oṣù Karùn-ún, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ojú irin tí ó gbéra ní Èkó tí ó ń bọ̀ ní Kánò, tí ó ń dúró ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ti yan igi kan sọ́tọ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí òdòdó márùn-ún tàbí mẹ́fà bá là lórí igi yẹn, wọn yóò kéde pé ó ti dé. Ní bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn èyí, ó ti tanná tán. Ní ọ̀sẹ̀ kan sí i, ilẹ̀ ni ẹ ó ti máa wò ó.

Ohun tí ó jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀ ni pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, tí a ń pè ní Somei Yoshino, igi kan náà ni gbogbo wọn. A kì í gbin hóró rẹ̀. Ẹ̀ka rẹ̀ ni a ń gé tí a ń lẹ̀ mọ́ ìdí igi mìíràn. Nítorí náà bí ọ̀kan bá jí, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni yóò jí, bí ọ̀kan bá sì rẹ̀, gbogbo wọn ni yóò rẹ̀. Ẹ má sì bi mí pé kí ló dé tí a kò gbìn ín sí Sàmárù. Igi náà gbọ́dọ̀ fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ sùn nínú òtútù gidi kí ó tó lè tanná. Ọyẹ́ tiwa yìí, bí ó ti wù kí ó mú tó, kò tó o.

Èyí tí ó dùn mọ́ èmi akọ̀wé jù ni pé àwọn ará Jàpáànì ti ń kọ ọjọ́ òdòdó yìí sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ní ìlú Kyoto, àwọn ìjòyè àti àwọn àlùfáà máa ń kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí wọn, àwọn onímọ̀ sì ti to àwọn ọjọ́ náà jọ láti ọdún 812 wá. Ẹ gbọ́ mi, ó lé ní 1,200 ọdún! Nínú ìwé yẹn ni wọ́n ti rí i pé ní ọdún 2021, ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ni òdòdó Kyoto tanná tán, kò sì tíì yá tó bẹ́ẹ̀ rí títí di ìgbà náà láti ìgbà tí a ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ayé ni ó ń móoru sí i. Ẹni tí ó bá ń fi ọjọ́ ti àná retí òdòdó òní, yóò pẹ́ dé.

Báwo ni igi Jàpáànì ṣe wá dé Washington? Bàbá ka gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀bá omi náà, nítorí kò sí òdòdó tí yóò wò, ó sì ròyìn rẹ̀ fún wa. Obìnrin Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Eliza Scidmore ti Jàpáànì dé ní ọdún 1885, ó sì lọ bẹ àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n gbin igi yìí. Wọn kò dá a lóhùn. Ọdún 24 ni ó fi ń bẹ̀bẹ̀. Ní ọdún 1909 ó kọ̀wé sí Helen Taft, ìyàwó Ààrẹ, òun ni ó sì gbà. Ìlú Tokyo fi igi 2,000 ta Washington lọ́rẹ. Nígbà tí wọ́n dé ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1910, tí àwọn ayẹ̀wò yẹ̀ wọ́n wò, kòkòrò àti àrùn ni ó kún ara wọn. Ìjọba ní kí a dáná sun gbogbo wọn, a sì sun wọ́n.

Ẹlòmíràn ìbá ní wọ́n ti fi ẹ̀bùn òun wọ́lẹ̀. Yukio Ozaki, tí ó jẹ́ olórí ìlú Tokyo, kò bínú. Igi 3,020 ni ó tún fi ránṣẹ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1912, Helen Taft àti ìyàwó aṣojú Jàpáànì gbin méjì àkọ́kọ́. Igi náà ta gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun dé láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì ní oṣù Kejìlá ọdún 1941, ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kan, wọ́n rí i pé ẹnì kan ti gé mẹ́rin lulẹ̀. Títí ogun fi parí, wọn kò pe orúkọ Jàpáànì mọ́ wọn lára mọ́. Ogun tán, àwọn igi ṣì dúró. Ní Tokyo, ọgbà tí wọ́n ti gé àwọn igi náà wá, létí odò Arakawa, ti bàjẹ́ nígbà ogun. Ní ọdún 1952, Washington ni ó gé ẹ̀ka padà ránṣẹ́ sílé láti tún ọgbà náà gbìn.

Nígbà tí Bàbá dé ibí yìí nínú ìròyìn rẹ̀, gbogbo ilé ìpàdé dákẹ́. Kò sí ẹni tí ó ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ojú irin ni ó gbé bàbá wa àti bàbá bàbá wa wá sí ilẹ̀ yìí. Àwọn kan dé, ilẹ̀ kò gbà wọ́n. Àwọn kan ta gbòǹgbò. Nígbà tí ìjà bá dé, igi àlejò ni a kọ́kọ́ máa ń gbé àáké sí. Síbẹ̀ owó tí a fi ń ṣe ilé, tí a fi ń rán ọmọ lọ sí ilé ìwé ní ìlú wa, mélòó nínú rẹ̀ ni kò ti Sàmárù lọ?

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ àwọn méjèèjì tí mo fi sílẹ̀ létí omi. Ọmọ wọn ní kí wọ́n má sọ ìrètí nù. Irú ṣẹ́rì mìíràn wà tí a ń pè ní Kanzan, òdòdó rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì nípọn bí ìgbà tí a bá ká aṣọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn àwọn funfun ni ó máa ń tanná, ó sì pọ̀ ní ọgbà East Potomac tí kò jìnnà síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Bàbá ni ó ń jí ṣáájú. Ojoojúmọ́ ni ó ń bi ọmọ rẹ̀ léèrè pé, "Ó ti là?" Ní ọjọ́ kan ní oṣù Kẹrin, ọmọ náà ní ó ti là. Bàbá kò dúró de ọ̀la. Wọ́n di móínmóín àti ẹ̀kọ dání, wọ́n mú ẹní kan, wọ́n lọ.

Màmá sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fún ìyàwó mi, ìyàwó mi sì gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ ọ́. Ó ní àwọn jókòó sábẹ́ igi náà pẹ́, àwọn kò sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni Bàbá bi òun léèrè pé, bí kò bá sí ti ọjà àti ọmọ títọ́, kí ni ìwọ ìbá fi ayé rẹ ṣe? Màmá ní òun ìbá ṣe olùkọ́. Bàbá ní, "Olùkọ́? O kò sọ fún mi rí." Màmá ní, "Ẹ kò bi mí rí." Ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti jọ ń gbé, ará mi. Abẹ́ igi tí kò ṣe é fi se ọbẹ̀ ni ọkọ ti mọ ohun tí ó wà nínú ìyàwó rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé, Bàbá wá sí ìpàdé oṣù Karùn-ún, ó san owó páànù rẹ̀ pé, ó ròyìn gbogbo ohun tí mo ti kọ sókè yìí nípa igi, ó sì kọjú sí mi. Ó ní, "Akọ̀wé, òdòdó náà kò ṣe é fi se ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ, ìgbà wo ni ìwọ àti ìyàwó rẹ jọ lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò kú sí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Mo délé, mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi kí òun náà lè rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń jẹ́ ìyàwó akọ̀wé Rélùwéè. Èmi kò tíì wọ ọkọ̀ ojú irin rí."

Mo ṣèlérí lálẹ́ ọjọ́ náà. Oṣù Kẹsàn-án dé, owó ilé ìwé àwọn ọmọ ni. Oṣù Kejìlá dé, ọdún ni. Oṣù Kejì dé, mo ní kí iṣẹ́ rọlẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ Bàbá gan-an ni mo ń sọ, pé igi kì í sá lọ, n kò sì mọ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 ni Bàbá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní ọmọ òun ti fi ìròyìn ránṣẹ́: lọ́dún yìí, ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ni òdòdó Washington tanná tán. Ó ní, "O rí i? Bí ó bá jẹ́ pé lọ́dún yìí ni a lọ ní ọjọ́ tí a fi lọ lọ́dún tó kọjá, à bá bá a pé. Kò sí ẹni tí ó ní ìwé àkókò rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá gbéra ni ó lè bá a."

Ní ilẹ̀ tiwa níbí, igi pansẹ́kẹ́ ni ó sún mọ́ ti Jàpáànì jù, èyí tí ewé rẹ̀ rí bí ìyẹ́, tí èso rẹ̀ gùn bí idà, tí àwọn ọmọdé fi ń ja ogun. Àwọn ará Abẹ́òkúta mọ̀ ọ́n dáadáa, àdúgbò kan ní ìlú wọn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Igi náà, àlejò ni bí àwa. Erékùsù Madagascar ni ilé rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn a dúró ní ìhòòhò, bí òjò bá sì ti fẹ́ wọlé, yóò pupa bí iná. Mo ti ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sí ibi iṣẹ́ láti ọdún yìí wá, n kò gbójú sókè rí.

Ní Sátidé kan ní oṣù Karùn-ún, mo ní kí ìyàwó mi múra. Bí a ti fẹ́ jáde ni ọ̀rẹ́ mi kan dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí ó fẹ́ rà. Mo fẹ́ jókòó. Mo wo ojú ìyàwó mi, mo ní kí ọ̀rẹ́ mi padà wá lọ́la. A rin inú ọgbà Yunifásítì lọ, a tẹ́ aṣọ sábẹ́ pansẹ́kẹ́ kan, a jẹ ẹ̀pà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀dọ́ méjì kan ń kọjá, wọ́n wò wá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo bi ìyàwó mi ní ìbéèrè tí Bàbá bi ìyàwó tirẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀, ilé wa ni yóò gbé.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, a lọ sí Kàdúná, a wọ ọkọ̀ ojú irin ní Rigasa. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo fi í sí. Ó ń bi mí léèrè ohun gbogbo, kí ni iná yẹn ń sọ, kí ni ọ̀pá yẹn wà fún, kí ló dé tí ọkọ̀ fi dúró níbí. Mo mọ gbogbo rẹ̀. Ọdún mélòó ni mo ti mọ̀ ọ́n tí n kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nílé! Kí a tó dé Ìdù, ẹni tí ó jókòó níwájú wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi ìyàwó mi, òun ni ó sì ń dá a lóhùn.

Ẹ̀yin ará mi, n kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni jẹ gbèsè nítorí òdòdó. Amẹ́ríkà jìnnà, Jàpáànì sì jìnnà jù ú lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a yé fi òkú nìkan ṣe ìdí tí tọkọtaya fi ń jọ rìn. Ẹ mú ọjọ́ kan. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí àlejò bá dé lọ́jọ́ náà, ẹ ní kí ó padà wá lọ́la. Nígbà tí ìwé yìí bá fi kàn yín lọ́wọ́, pansẹ́kẹ́ tí ó ṣẹ́ kù lórí igi kò ní pọ̀ mọ́.

Mo bá gbogbo ìdílé tí wọ́n bímọ láàárín wa yọ̀, mo sì bá àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ kẹ́dùn. Kí Ọlọ́run má ṣe fi ìbànújẹ́ rọ́pò ayọ̀ wa. Mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Bàbá àti Màmá níwájú gbogbo Ẹgbẹ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti jẹ́ níwájú gbogbo Ẹgbẹ́ ni mo ti fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Owó páànù kò tíì pé o. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì san, tí ẹ kò sì lọ wo òdòdó níbì kankan, ẹ kò ní àwíjàre.

Èmi ni, akọ̀wé Rélùwéè yín.